Díráífù fún Ìpamọ́ àti Títún Fídíò Tò: Èwo Ni Kí A Rà?

Nígbà tí olóòtú ní kí n kọ̀wé nípa díráífù, mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ìdí tí ó fi jẹ́ èmi ni ó sọ fún. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà já mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Ní ọdún 2014 ni mo bá ilé-ẹ̀kọ́ ra díráífù kan, irú èyí tí a máa ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, tí àwọn oníṣẹ́ fídíò ń pè ní external. Inú rẹ̀ ni a kó gbogbo fídíò wòlímọ̀ wa sí, láti 2009 títí dé 2017. Nínú ti ọdún 2011 ni bàbá wa, àgbà nínú àwọn olùkọ́ wa, ti jókòó sáàárín àwọn ọmọdé, tí wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń pe àwọn lẹ́tà tí ó ń ti ọ̀fun jáde. Bàbá ti di olóògbé. Fídíò náà kò ní ẹ̀dà mìíràn. Ní ọjọ́ kan ní ìparí ọdún 2017, mo so díráífù náà mọ́ kọ̀ǹpútà, mo gbé e sí etí tábìlì, ọmọ kan ń kọjá lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà, díráífù já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ibi tí ó ti já bọ́ kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Nígbà tí mo tún un so, ohun tí mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni ká, ká, ká, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. Mo gbé e dé Èkó lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń tú irú rẹ̀. Ó rí àwọn ọdún tí ó sún mọ́ òpin yọ. Láti 2009 sí 2013 kò padà wá mọ́.

Èmi ni mo rà á, èmi ni mo gbé e sétí tábìlì, èmi náà ni mo kó ohun ọdún mẹ́sàn-án sínú ohun kan ṣoṣo. N kò ní ẹni tí n ó bá wí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, tí mo sì ń ka ohun tí mo bá rí kà. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sì máa ń bi mí nìyí: “Ùsítáàsì, èwo ni ó dára jù nínú wọn?”

Ìdáhùn mi ni pé kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Iṣẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ìpamọ́: kí fídíò wà níbi kan fún ọdún púpọ̀, kí a tó tún fọwọ́ kàn án. Èkejì ni títún fídíò tò, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ẹ́díìtì: kí a máa gé, kí a máa lẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa ka fídíò mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Díráífù tí ó yẹ iṣẹ́ kan lè máà yẹ èkejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò náwó síbi tí kò yẹ, yóò sì tún sunkún lẹ́yìn náà.

ÌYÀTỌ̀ INÚ WỌN

Irú kìíní ni díráífù alápo, èyí tí a ń pè ní hard disk. Àwo pẹlẹbẹ ni ó wà nínú rẹ̀, tí ń yí bí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, tí orí kékeré kan sì ń lọ tí ń bọ̀ lójú rẹ̀ láti kọ̀wé àti láti kàwé. Ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956. Àádọ́ta àwo ni ó wà nínú ti ìgbà náà, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ọkùnrin mẹ́wàá kò sì lè wúwo tó gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí ó lè gbà kò ju nǹkan bíi MB 5 lọ. Fọ́tò kan péré láti inú fóònù òde-òní lè kún un.

Ti òde-òní ti kéré, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Àwọn àwo inú èyí tí a ń kì bọ àpò máa ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ti àwọn ńlá mìíràn ń yí ní ìgbà 7,200. Orí tí ń kàwé kì í kan àwo. Ó ń fò lórí rẹ̀, àlàfo tí ó sì wà láàárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fọ́nrán irun kan fi nípọn jù ú lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ wá rò ó wò: bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá já bọ́ nígbà tí àwo ń yí lọ́wọ́, orí yóò gbá àwo, yóò sì ha á. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tèmi nìyẹn. Bí ó bá ṣe pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ó bọ́ ni, bóyá ìbá yè, nítorí orí náà máa ń padà sí ibùsùn rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti tán.

Irú kejì ni SSD. Kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀ rárá. Ìbátan fláàṣì tí a ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ni, onímọ̀ ará Japan kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fujio Masuoka ni ó sì ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba láàárín 1980 sí 1989. Bí ó bá já bọ́ láti orí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí ó máà ní nǹkan kan. Kì í pariwo, kì í sì lọ́ra.

Àwọn ènìyàn a máa bẹ̀rù pé SSD ń gbó bí a bá ti ń kọ nǹkan sí i. Òótọ́ ni. Wàláà ni kí ẹ fi wé: a ń kọ ọ́, a ń fọ̀ ọ́, a tún ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí igi yóò gbó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà jìnnà sí àwa. SSD TB 1 kan tí Samsung ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní 870 EVO, wọ́n fọwọ́ sí i pé ó lè gba àkọsílẹ̀ TB 600. Bí ènìyàn bá kó wòlímọ̀ ńlá kan tí ó jẹ́ GB 450 sínú rẹ̀, tí ó pa á rẹ́, tí ó tún kó òmíràn sí i, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 1,300 lọ. Wòlímọ̀ mélòó ni a ń ṣe lọ́dún?

Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù nípa SSD jẹ́ méjì mìíràn. Bí ó bá fẹ́ kú, ó lè kú lójijì láìsí àmì. Hard disk sábà máa ń kìlọ̀: yóò máa pariwo, yóò máa falẹ̀, fáìlì kan yóò kọ̀ láti ṣí. Ẹni tí ó bá tètè gbọ́ ìkìlọ̀ lè ríhun kó. SSD lè ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ kí ó sì dákẹ́ ní ọ̀sán, ó sì ṣòro púpọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tú nǹkan jáde nínú rẹ̀. Èkejì ni pé kò dára kí a kó ohun sínú rẹ̀, kí a tì í mọ́ inú àpótí fún ọdún púpọ̀ láìfi iná kàn án. Iná tí a fi há inú rẹ̀ ni ó ń di ohun tí a kọ mú; díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jò, ooru sì máa ń mú kí ó yára.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. SSD ni fún tábìlì iṣẹ́. Hard disk ni fún àpótí ìpamọ́, ó sì tún dínwó gan-an bí a bá fi ìwọ̀n ohun tí ó ń gbà ṣírò owó rẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ

Ọ̀pọ̀ ń ra díráífù láìṣírò ohun tí wọn yóò kó sí i. Kámẹ́rà tí ń ya fídíò 4K sábà máa ń kọ nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bíìtì àti báìtì dàrú mọ́ yín lójú: bíìtì mẹ́jọ ni ó wà nínú báìtì kan. Nítorí náà 100 yẹn jẹ́ MB 12.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí í ṣe GB 45 ní wákàtí kan. Bí wòlímọ̀ bá gba wákàtí márùn-ún, tí kámẹ́rà méjì sì ń yà á, GB 450 nìyẹn. Bí ó bá ṣe fóònù ni a fi yà á ní ìwọ̀n HD lásán, ó lè máà ju GB 7 tàbí 8 lọ ní wákàtí kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á kó GB 450 yìí láti ibi kan sí ibòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ojúlé USB 2.0 ti àtijọ́ ni, tí kì í sábà ju MB 35 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, yóò gba wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ó lé. Bí ó bá jẹ́ hard disk kékeré lórí USB 3 ni, tí ó ń rìn ní MB 120, yóò gba wákàtí kan. SSD tí ń rìn ní MB 500 yóò ṣe é ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tí ń rìn ní MB 1,000 yóò sì ṣe é ní ìṣẹ́jú méje àbọ̀, bí kò bá rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ bí iná mànàmáná ṣe rí ní àdúgbò wa yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wákàtí mẹ́ta àbọ̀ àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo ní “bí kò bá rẹ̀ ẹ́”, nítorí ó máa ń rẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ SSD tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ní ibi ìgbàlejò kékeré kan nínú, tí ó yára púpọ̀. Ibẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ gba ẹrù sí. Bí ibẹ̀ bá ti kún, ìyára rẹ̀ yóò jábọ́, nígbà mìíràn títí yóò fi lọ́ra ju hard disk lọ. Ìyára tí wọ́n kọ sára páálí jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ooru pẹ̀lú ń mú un falẹ̀; nítorí náà ẹ má ṣe gbé e sórí láptọ́ọ̀pù tí ó ti gbóná tàbí sínú oòrùn fèrèsé nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Hard disk náà ní tirẹ̀. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní SMR. Bí a ṣe ń kan páànù sórí ilé, tí ọ̀kan ń gorí ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ìlà inú rẹ̀ kí ohun púpọ̀ lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù kan láàárín òrùlé mọ̀ pé yóò ní láti ṣí àwọn tí ó gorí rẹ̀. Irú díráífù bẹ́ẹ̀ dára fún kí á kó ẹrù sí i lẹ́ẹ̀kan kí a sì fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ tí a ń pa rẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò máa wọ́ ẹsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta péré ni ó ṣẹ́kù láyé tí ń ṣe hard disk: Seagate, Western Digital àti Toshiba. Ní ọdún 2020 ni ó hàn sí gbangba pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ta SMR nínú àwọn díráífù kan láìkọ ọ́ sójú ìwé fún ẹni tí ń rà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré tí a ń kì bọ àpò lónìí ni SMR. Fún ìpamọ́, kò burú.

Kí ni ó wá dé tí hard disk kò fi dára fún títún fídíò tò, nígbà tí ó jẹ́ pé MB 12.5 péré ni fídíò kan ń fẹ́, tí díráífù sì ń rìn ní 120? Ìdí rẹ̀ ni orí tí ń kàwé. Bí fídíò mẹ́ta bá ń sáré pọ̀, orí kan ṣoṣo náà ni yóò máa fò láti ọ̀dọ̀ èyí sí ọ̀dọ̀ èyíinì, tí yóò sì máa dúró de àwo kí ó yí dé ibi tí ó ń wá. Ní ìwọ̀n ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, yíyí ẹyọ kan ń gbà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Kékeré ni lójú wa, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, àwòrán á máa dúró, á máa fò. SSD kò ní orí tí yóò fò.

Ẹni tí kò ní owó SSD, kò yẹ kí ó bọ́hùn. Àwọn ètò bíi DaVinci Resolve àti Premiere Pro lè ṣe ẹ̀dà kékeré fún fídíò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní proxy. Ẹ̀dà kékeré yìí ni ẹ ó máa gé tí ẹ ó máa lẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tán, ètò náà yóò lọ mú ojúlówó láti fi parí rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó rí owó.

OJÚLÉ ÀTI WÁYÀ

Mo ti rí ẹni tí ó ra SSD olówó iyebíye, tí ó so ó mọ́ ojúlé USB 2.0, tí ó sì ń bínú sí ẹni tí ó tà á fún un. Ọ̀nà tóóró ni ó gbà wọ ọjà. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ojúlé USB 3 máa ń ní àwọ̀ búlúù nínú tàbí àmì SS lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni ó ń da ènìyàn láàmú: ohun tí a ń pè ní USB 3.0 nígbà tí ó jáde ní 2008, wọ́n sọ ọ́ di 3.1 Gen 1, wọ́n tún sọ ọ́ di 3.2 Gen 1, ohun kan náà sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má wo orúkọ, iye ni kí ẹ wò: gígábíìtì 5, 10 tàbí 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Fún iṣẹ́ tiwa, 10 ti tó.

Wáyà tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó ní ìhà méjèèjì, èyí tí à ń pè ní Type-C, ẹnu rẹ̀ kò sọ ìyára rẹ̀. Wáyà tí a fi ń gba iná sí fóònù lè jọ ọ́ bí ìbejì kí ó sì jẹ́ USB 2.0 ni inú rẹ̀. Wáyà tí ó bá inú páálí díráífù jáde ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì kọ orúkọ sí i lára, nítorí àwọn ọmọ ilé á mú un.

Ní ti iná, àwọn hard disk ńlá tí a ń gbé kalẹ̀ nílò iná ògiri tiwọn. Bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé lọ́wọ́, fáìlì lè bàjẹ́. Ẹni tí kò bá ní UPS tàbí ìnfátà, kékeré tí ń gba iná láti ara láptọ́ọ̀pù ni kí ó rà, nítorí bátìrì láptọ́ọ̀pù yóò gbé e dúró.

AYÉDÈRÚ

Apá yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà nínú ọjà lónìí, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, díráífù tí wọ́n kọ TB 16 sí lára, tí owó rẹ̀ kò tó ti TB 1 gidi. Bí ẹ bá tú ohun náà, mẹ́mórì fóònù kékeré kan ni ẹ ó bá níbẹ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú irin kan tí wọ́n fi sí i kí ó lè wúwo. Wọ́n ti kọ́ mẹ́mórì náà ní irọ́: kọ̀ǹpútà bi í léèrè ìwọ̀n rẹ̀, ó ní TB 16. Ẹ ó kó fídíò sí i, yóò gbà. Orúkọ fáìlì yóò hàn. Ṣùgbọ́n bí ibi tí ó ní gan-an bá ti kún, yóò máa kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, tàbí kí ó sọ ọ́ nù. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i ni ẹ ó mọ̀.

Ní ọjà bíi Computer Village ní Ìkẹjà, ojúlówó pọ̀, ayédèrú náà sì wà láàárín wọn. Nítorí náà, kí á tó kó ohun kan sínú díráífù tuntun, kí á dán an wò. Ètò kan wà fún Windows tí ń jẹ́ H2testw; ti Linux àti Mac ń jẹ́ F3. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọn yóò kọ nǹkan kún díráífù náà dé ẹnu, wọn yóò sì tún kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n rí. Ó lè gba gbogbo òru. Ẹ jẹ́ kí ó gbà á. Ẹ bá òǹtajà ṣe àdéhùn ọjọ́ mélòó kan tí ẹ lè dá a padà, kí ẹ sì gba rìsíìtì tí nọ́ńbà díráífù wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rù má ṣe ba ẹnikẹ́ni bí díráífù TB 1 bá fi GB 931 hàn lórí Windows. Kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tí ó ṣe é ń ka ẹgbẹ̀rún ní 1,000, Windows ń kà á ní 1,024.

Orúkọ ńlá ha tó láti fọkàn tán bí? Ó sàn ju aláìlórúkọ lọ, ṣùgbọ́n kò tó. Ní ọdún 2023, àwọn tí ó ra oríṣi kan nínú SanDisk Extreme Pro, pàápàá ti TB 2 àti TB 4, bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé ohun tí wọ́n kó sí i pòórá lójijì. Akọ̀ròyìn wà lára wọn, oníṣẹ́ fídíò sì wà lára wọn. Western Digital, tí ó ni SanDisk nígbà náà, ní láti gbé àtúnṣe jáde fún un. Olówó iyebíye ni díráífù yìí, àwọn ògbóǹtarìgì ni wọ́n sì ṣe é fún. Ilé-iṣẹ́ kan tún wà ní Amẹ́ríkà, Backblaze, tí ń bá àwọn ènìyàn pa fáìlì mọ́, tí ó sì ti ń tẹ iye díráífù tí ó ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ jáde láti 2013. Nínú ọgọ́rùn-ún hard disk tí ó ń lò, ọ̀kan sí méjì ni ó ń kú lọ́dún, nínú iyàrá tí ó tutù, tí iná kì í lọ, tí ọmọ kankan kì í kọ́ wáyà. Ẹ wá fi ti ilé wa wé e.

Wáráńtì ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún dára, ẹ béèrè fún un. Ṣùgbọ́n díráífù tuntun òfìfo ni yóò fún yín. Kò ní í fún yín ní fídíò yín.

KÍ A TÓ BẸ̀RẸ̀ SÍ LÒ Ó

Bí díráífù bá ti wà ní ètò FAT32, kò lè gba fáìlì kan tí ó bá tó GB 4, bẹ́ẹ̀ fídíò wákàtí kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti NTFS dára lórí Windows, ṣùgbọ́n Mac lè kà á láìlè kọ nǹkan sí i. Èyí tí àwọn méjèèjì gbà ni exFAT. Kí ẹ ṣe é kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i, nítorí yóò pa gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. ExFAT kì í fẹ́ kí a já òun yọ lójijì. Ẹ tẹ Eject, ẹ dúró kí kọ̀ǹpútà gbà fún yín, kí ẹ tó fa wáyà.

ẸYỌ KAN KÒ TÓ

Peter Krogh, oníṣẹ́ fọ́tò ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ ìlànà kan di mímọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ àwòrán: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn baba wa ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ wà ní ibòmíràn ni mo fẹ́ fi ìtàn kan sọ. Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà ń ṣe fíìmù Toy Story 2 lọ́wọ́. Ẹnì kan pa àṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà, fíìmù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́ lójú wọn. Wọ́n sáré lọ síbi tí wọ́n ń pa ẹ̀dà mọ́ sí. Wọ́n bá a pé ètò náà kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa láti bí oṣù kan sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ó kó wọn yọ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, Galyn Susman, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé kọ̀ǹpútà náà, wọ́n fi mọ́tò gbé e bọ̀ jẹ́jẹ́. Ní 1999 ni fíìmù náà jáde.

Àwọn kan á ní kí á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára bí ó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìlà yín bá ń gbé mẹ́gábíìtì 10 lọ sókè ní ìṣẹ́jú-àáyá, GB 450 yóò gba 100 wákàtí láìdúró, ẹ ó sì san owó détà rẹ̀. Fídíò tí a ti tò tán, tí kò ju GB 10 lọ, ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Ní ti ojúlówó, ìlú mìíràn ni “ibòmíràn” tiwa.

Bí a ti ń ṣe é nílé-ẹ̀kọ́ yìí láti 2019 nìyí. SSD TB 1 kan ni a fi ń tún fídíò tò. Bí wòlímọ̀ bá parí, kí a tó pa ohun tí ó wà nínú mẹ́mórì kámẹ́rà rẹ́, a ó ti kó o sínú SSD àti hard disk méjì, a ó sì ṣí fáìlì mélòó kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan láti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Hard disk kan wà nínú àpótí irin ní ọ́fíìsì Mudírù. Èkejì wà lọ́wọ́ akápò wa, ní ìlú tí wọ́n ń gbé. Orí ilẹ̀ la ń gbé díráífù sí nísinsìnyí bí ó bá ń ṣiṣẹ́, lórí ẹní, kò sí ibi tí yóò já bọ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni akápò máa ń gbé tiwọn wá, a ó sì so méjèèjì, a ó wò wọ́n. Ní ọdún karùn-ún, a ó kó gbogbo rẹ̀ sínú tuntun, yálà ògbólógbòó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní 2024, ọ̀kan nínú àwọn ògbólógbòó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nígbà náà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ bá ní fídíò wòlímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí láti 2009 sí 2013, ìbáà ṣe lórí DVD, fláàṣì tàbí fóònù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, pàápàá jù lọ ti 2011, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí. A ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú yín, ẹ ó sì gbé tiyín padà lọ sílé lọ́jọ́ náà.